Sálúbàtà Tí A Fi Ń Bá Iná Ṣọ̀rẹ́

Ọ̀gá wa mú ẹ̀mú, ó gé wáyà ẹ̀rọ náà sí méjì lójú mi, ó sì ju púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè, pẹ̀lú ohùn tó mú kí gbogbo ayùn inú ìsọ̀ dákẹ́, pé, “Ta ló ṣe ìranù yìí?”

Èmi ni. Kò tíì pẹ́ tí mo dé ìlú òyìnbó nígbà náà. Ìlú kan ni lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ojú ọ̀run ti máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ní ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe àga àti tábìlì. Rọ́ì ni orúkọ ọ̀gá náà, bàbá kúkúrú kan tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bíi ti ẹni tí inú ń bí, kódà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa lo ẹ̀rọ tí a fi ń ha ara igi kó lè dán. Mo rí i pé awọ wáyà rẹ̀ ti bó lápá kan, irin inú rẹ̀ sì ti yọjú. Mo wá ọ̀rá, mo fi wé e. Mo fi téèpù wé orí ọ̀rá náà. Ó gún régé, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tó ti gbé Festac ní Èkó rí yóò ti ṣe é. Mo tilẹ̀ rò pé ọ̀gá yóò yìn mí pé mi ò fi iṣẹ́ falẹ̀.

Mo ní, “Èmi ni, sà. Mo tún un ṣe ni.”

“O tún un ṣe? Ṣé ikú ló ń wù ọ́ ni, àbí ẹni tó máa lò ó tẹ̀lé ọ lo fẹ́ pa?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ara mi gbóná nínú òtútù yẹn. Èmi tí mo kàwé ìtàn gboyè ní yunifásítì, tí mo jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, tí àwọn akọ̀wé ń dìde kí mi láàárọ̀, èmi ni bàbá tí kò mọ ju igi gígé lọ ń jágbe mọ́ nítorí wáyà. Mo sọ nínú ara mi pé nítorí pé mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni. Mo di ìbínú náà mú bí ẹni di ẹrù. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí ibùsùn nínú yàrá tí mo háyà, mi ò bọ́ kóòtù, mo ń bá ògiri jà.

Nígbà tí a tún pàdé nídìí tíì ni Rọ́ì fi ọwọ́ pè mí. Ó gbé púlọ́ọ̀gì tuntun kan síwájú mi, ó tú u. Ó fi ìka tọ́ka sí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀. Ó ní èyí ń gbé iná wá, èyí ń dá a padà, èyí tó láwọ̀ ewé kì í ṣe nǹkan kan títí di ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ọjọ́ tí iná bá ṣìnà, tó wọ ara irin ẹ̀rọ, wáyà ilẹ̀ yìí ni yóò gbé e lọ, bíréékà yóò sì já kíákíá kó tó kàn ọ́. Ó ní tí mo bá rí wáyà tó bó, kí n yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná, kí n gbé e wá fún òun, kí n má fi ọ̀rá wé e. Ó wá ní, “Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbí. Kò délé lọ́jọ́ kan. Àga ló ń ṣe. Àga lásán.”

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó dìde.

Láti ọjọ́ náà ni ìbínú mi ti kúrò lórí Rọ́ì. Kò kúrò lára mi o. Ibòmíràn ló lọ.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Festac ṣe rí nígbà tí bàbá wa gba ilé níbẹ̀, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í gbà á gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá wa. Àríyá ńlá tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ìlú náà ti parí, ọ̀dà ilé ṣì ń rùn. Wáyà iná ń gba abẹ́ ilẹ̀. Àpótí irin tó ń pín iná wà ní ojú títì, ó ní ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn náà sì ní kọ́kọ́rọ́. Nínú ilé wa, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ní ojú mẹ́ta, ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti yunifásítì wálé fún ìsinmi, màá jókòó sí bálíkónì pẹ̀lú ìwé mi, iná òpó títì yóò tàn láti òpin kúlóòsì wa títí dé ẹ̀bá afẹ́nù. Gbóye, àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá wa, yóò máa fi pákó tí wọ́n jù sílẹ̀ ṣe ọkọ̀ kéékèèké lábẹ́ iná yẹn. A rò pé bí ayé ṣe máa rí lọ nìyẹn.

Ta ló ba ìlú náà jẹ́? Mo máa ń bi ara mi léèrè bí mo bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́ nínú yìnyín. Kì í ṣe ogun. Kò sẹ́ni tó ju bọ́ǹbù lù wá. Kọ́kọ́rọ́ àpótí iná sọnù, wọn ò ra òmíràn. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ sọnù, wọ́n fi pákó bò ó. Pákó náà jẹrà. Nígbà tí ìjọba yọ èmi àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi níṣẹ́, ọmọdé ti ń fi igi tọ inú àpótí náà. Mo lọ. Inú ń bí mi nígbà tí mò ń lọ, inú sì ń bí mi nígbà tí mo débẹ̀.

Lókè òkun, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi pè. Mo dáhùn sí orúkọ oríṣiríṣi. Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ó tutù ju ìta lọ, àwọn arúgbó òyìnbó yóò bọ̀ mí lọ́wọ́ pẹ̀lú ìka méjì. Ohun tó ń mú inú mi dùn kò pọ̀. Ọjọ́ tí Rọ́ì gbé ẹ̀rọ ìfági ńlá lé mi lọ́wọ́ wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí ó ní kí n kọ́ ẹni tuntun bí a ṣe ń yẹ wáyà wò kí a tó tan ẹ̀rọ náà wà lára rẹ̀. Mo kọ́ ọ. Mo sì jágbe mọ́ ọn.

*

Fóònù ló ń so mí mọ́lé. Nígbà àkọ́kọ́, ilé aládùúgbò ni mo ń pè sí, wọn yóò sáré lọ pe Gbóye wá. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ó wá di pé mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbàkúùgbà, pẹ̀lú ariwo ayùn lẹ́yìn rẹ̀. Gbóye ti di káfíńtà, ọ̀gá káfíńtà. Ó gba àyè nínú ọgbà kan ní Kuje-Amuwo, kò jìnnà sí ilé bàbá wa ní Festac, níbi tí òun ṣì ń gbé. Òun, ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín, àti wẹ́dà kan, ajórinmọ́rin tó ń jẹ́ Súlè, ni wọ́n jọ wà nínú ọgbà náà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìsọ̀ wa fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfági tuntun. Rọ́ì ti kú nígbà náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní ipò rẹ̀. Ó fún mi ní èyí àtijọ́. Mo yí gbogbo wáyà rẹ̀ padà fúnra mi, mo so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀ gidigidi, mo sì fi í ránṣẹ́ sí Gbóye. Tí ẹ bá gbọ́ bí ó ṣe súre fún mi! Ó ní bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Festac wà lọ́wọ́ òun, ẹ̀rọ náà ni yóò bá òun parí rẹ̀ kí ọdún Àjíǹde tó dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń gbé àwòrán. Ó gbé fóònù yí ká kí n lè rí ẹ̀rọ mi. Mo rí i, ó ń dán. Mo sì rí sálúbàtà rọ́bà méjì tí wọ́n fi ìṣó kọ́ sára pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí méjì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn oníná. Mo rí òmíràn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, “Gbóye, kí ni gbogbo sálúbàtà yẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ti iṣẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, ó máa ń jáni díẹ̀.”

“Kí ló máa ń jáni?”

“Iná ni. Díẹ̀ ni ṣá. Kì í ṣe bàbàrà.”

Mo dìde lórí àga. Mo ní, “Ẹ̀rọ yẹn kì í jáni. Èmi ni mo di wáyà rẹ̀. Kí lẹ ṣe sí i?”

Ó wá ṣàlàyé, pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni tó ń sọ ohun tó gbọ́n. Ó ní hááfù kọ́rẹ́ǹtì, iná tí kò lágbára, ni wọ́n máa ń mú wá fún àwọn ní Kuje. Ẹ̀rọ náà ń kùn, kò lè yí. Ẹnjiníà, èyí ni oníṣẹ́ iná àdúgbò, ló bá àwọn kan ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, lẹ́bàá tápù, ó sì so ó pọ̀ mọ́ níútírà, wáyà tó ń dá iná padà, àti wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ náà, kí iná lè máa gba inú ilẹ̀ padà. Tí kò bá lágbára tó, àwọn á da omi àti iyọ̀ sídìí ọ̀pá náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ wá wò ó bó ṣe ń yí! Bí ìjì!”

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ nípa iná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Wáyà ilẹ̀ tí mo so mọ́ ẹ̀rọ náà láti gbà á là, òun gan-an ni wọ́n sọ di ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Gbogbo ara irin ẹ̀rọ náà wá di ẹlẹ́mìí-èṣù. Ilẹ̀ tó yí ọ̀pá náà ká, tápù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ní iná lára. Iyọ̀ ni wọ́n sì ń bù sí i.

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ jù. Ẹ ti gbàgbé bí ibí ṣe rí. Gbogbo ọgbà ló ń ṣe é.” Ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà, ló bá ní, “Ẹ ò tiẹ̀ tíì gbọ́. Súlè wẹ́dà ti kú.”

“Kí ló pa á?”

“Àwọn ayé ni, wọ́n ní. Ó ń fọwọ́ nídìí tápù lẹ́yìn òjò ni, ó kàn ṣubú. A ti gbàdúrà sí gbogbo ọgbà. Pásítọ̀ wá, Àlùfáà wá.”

Mo bi í pé ọ̀pá irin náà ńkọ́. Ó ní, “Ọ̀pá wo?”

Ọkùnrin kan kú nídìí tápù tó ní iná lára, wọ́n pe aládùúrà méjì, ẹnì kan kò wo ilẹ̀ níbi tó ṣubú sí. Ẹ̀rọ tí mo fi ìfẹ́ ránṣẹ́ sílé ló sì ń mu iná náà jù nínú ọgbà. Òjò tó pọ̀ ju èyí tó rọ̀ kí Súlè tó kú lọ ń bọ̀. Àbúrò mi nìkan ló kù fún mi láyé yìí tó mọ orúkọ tí ìyá mi ń pè mí. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

*

Mo dé ọgbà náà pẹ̀lú ìbínú tí mo ti ń sè bọ̀ láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n fi pàdé mi. Eruku Mile 2 wà lọ́wọ́ mi, mo sì lọ tààrà síbi tápù láti ṣan án. Ara arúgbó máa ń gbàgbé ohun tí orí mọ̀. Mo fi ọwọ́ di ẹnu tápù mú.

Iná gbé mi. Ó jù mí sẹ́yìn, mo fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Kí n tó mọ̀ bóyá mo wà láàyè, mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá Ẹlẹ́ja ló ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. 

“Dádì Lọ́ńdọ̀nù! Ẹ ò kí i ni! Ẹ ò kí tápù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án!” Ó súnmọ́ ibẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá tápù náà fẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn ilé àna. “Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí i. Tí kò bá dáhùn, ẹ pọn omi yín. Tó bá dáhùn, ẹ lọ wọ sálúbàtà.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Gbóye náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fà mí dìde. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n gbá ẹrẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò mi, Ìyá Ẹlẹ́ja fún mi ní àga tirẹ̀. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Èèyàn dáadáa tó ń kí ikú láàárọ̀, tó ń bá a ṣe àwàdà, tó sì ra bàtà fún àlejò rẹ̀.

Mo lọ sídìí mítà, mo pa iná gbogbo ọgbà. Mo tú wáyà kúrò lára ọ̀pá irin náà, mo mi ọ̀pá náà síwá sẹ́yìn títí tó fi tú, mo fà á yọ. Ẹ̀rọ ìfági dúró sáàárín pákó bẹ́ǹṣì kan. Fírísà ìyá náà dákẹ́.

“Ha! Dádì, ẹja mi!” ni Ìyá Ẹlẹ́ja ké. “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá jẹ ẹ́ tán ni?”

Gbóye kò ké. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tó burú jù. “Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì ń retí iṣẹ́ mi. Ẹ wá láti ibi tí iná kì í ti í lọ, ẹ wá pa ti wa. Ọ̀hún kọ́ nìyí. Ẹ ò mọ nǹkan kan mọ́ níbí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju iná lọ. Lọ́hùn-ún, mo jẹ́ ẹni tó wá láti ibòmíràn. Níbí, àbúrò mi ní mo wá láti ibòmíràn. Mo gbé ọ̀pá irin náà lé èjìká, mo rìn padà lọ sí Festac bí wèrè, àwọn ọlọ́kadà ń wò mí.

Nígbà tí mo tún débẹ̀, Ẹnjiníà ti kan ọ̀pá tuntun mọ́lẹ̀. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, tẹ́sítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò wà ní àpò àyà rẹ̀ bíi bírò. Ó ní, “Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Iná ibí, a ti mọwọ́ ẹ̀. Kò lè ṣe wá ní nǹkan kan.”

Mo ní, “Kò sí ewu?”

“Kò sí ewu rárá.”

Mo kàn jókòó sórí pákó, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń bá Gbóye ṣiṣẹ́ yóò wá síbi ẹ̀rọ, wọn yóò bọ́ bàtà awọ wọn, wọn yóò na ọwọ́ sí ìṣó, wọn yóò wọ sálúbàtà rọ́bà. Wọn kì í gbàgbé. Bí ẹni wọ mọ́ṣáláṣí ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí wọ́n fún ẹ̀rọ yẹn ju ti mọ́ṣáláṣí lọ. Bí mo ṣe ń wò wọ́n ni òye yé mi. Wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wọn. Ẹsẹ̀ wọn mọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ wọn mọ̀. Ẹnu wọn nìkan ló ń sọ pé kò sí ewu.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo kó gbogbo sálúbàtà náà sínú àpò ìrẹsì kan, mo gbé e lọ sí ilé bàbá wa. Òjò ti rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ ìsọ̀ tutù. Mo padà wá, mo ṣe nǹkan mìíràn kan tí mo fẹ́ ṣe, mo sì jókòó dè wọ́n.

Gbóye ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo ìṣó tó ṣófo.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn sálúbàtà dà?”

“Wọ́n wà ní Festac.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe ní Festac? Báwo la ṣe máa ṣiṣẹ́?”

“Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín. Ta ló dí yín lọ́wọ́?”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé. Wọ́n wo ìṣó, wọ́n wo ilẹ̀ tútù, wọ́n jókòó. Ọ̀kan ní kí àwọn lọ ra òmíràn lójú ọ̀nà. Mo ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, nígbà tí kò séwu? Ẹnjiníà, ìwọ náà súnmọ́ ibí. Ṣé o ṣì ní kò séwu?” Ẹnjiníà ti dé, ó wá gba ìyìn iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìyá Ẹlẹ́ja fi ẹja sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo kọjú sí àbúrò mi. “Gbóyèga. Bọ́ bàtà rẹ. Dúró lórí ilẹ̀ yìí, kí o sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ lé orí ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́ o. Àtẹ́lẹwọ́. Tí o bá lè ṣe é, màá padà síbi tí mo ti wá, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi eré sílẹ̀.”

“Eré kọ́. Ó ń jáni díẹ̀ ni, àbí? Gbé ọwọ́ lé e.”

Ó bọ́ bàtà. Mo ti mọ̀ pé yóò bọ́ ọ, agídí ìyá wa ló wà lára rẹ̀. Ó rìn dé iwájú ẹ̀rọ náà, ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lókè irin, ó kù díẹ̀ kó kàn án. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, irùngbọ̀n funfun, ó dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé ìwé tí kò lè kà lé lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ẹlẹ́ja ló sọ̀rọ̀. “Bọ̀dá Gbóye, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rántí Súlè.”

Orúkọ náà bọ́ sáàárín wa. Wọn ò tíì so ó mọ́ nǹkan kan láti ìgbà tí ó ti kú, àfi ayé. Gbóye rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó jókòó sílẹ̀ tútù yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Mo lọ sẹ́yìn òkìtì pákó, mo gbé púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà jáde, mo fi hàn án. Mo ti yọ ọ́ kí n tó jókòó dè wọ́n. Mi ò ya wèrè. Kò sí iná kankan lára ẹ̀rọ náà láàárọ̀ yẹn.

Ó wò ó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ burú.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Kí la máa ṣe?”

*

Ohun tí a ṣe kò ṣòro, òun ló sì ń bí mi nínú títí di òní. Èmi àti Gbóye ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn tó ń mú iná wá títí ojú wa fi sú wọn. Wọ́n wá gun òpó. Wáyà tó wọ ọgbà náà tín-ín-rín bí okùn aṣọ, níbi tí wọ́n ti so níútírà, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Ibẹ̀ ni hááfù kọ́rẹ́ǹtì wọn ti ń wá. Wọ́n yí i padà sí èyí tó nípọn. A fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ibi mítà fún ẹ̀rọ ìfági, ọ̀tọ̀ fún ayùn, ọ̀tọ̀ fún fírísà, olúkúlùkù pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. A ri ọ̀pá ilẹ̀ gidi mọ́lẹ̀, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa dúró de ọjọ́ burúkú, a sì fi bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá ṣìnà.

Ẹnjiníà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, mo dúró tì í. Nígbà kan, ó dúró pẹ̀lú wáyà aláwọ̀ ewé lọ́wọ́, ó ní, “Dádì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, gígé ló máa ń gé èyí dànù. Ó ní ó ń gba àyè lásán. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.” Mo ti ní èébú lẹ́nu fún un. Mo gbé e mì. Mo rántí àpótí irin ojú títì wa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹnì kan mọ̀ nígbà kan rí. Àwọn tó mọ̀ ti fẹ̀yìn tì, tàbí wọ́n ti kú, tàbí wọ́n bá ọ̀nà mi lọ sókè òkun láti máa fi ìmọ̀ wọn ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn.

Gbóye parí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo padà síbi tí wọn kò ti mọ orúkọ mi pè.

Òjò ńlá rọ̀ ní Kuje ní ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, Gbóye pè mí nínú rẹ̀. Omi bo ọgbà dé kókósẹ̀. Ó gbé fóònù fún Ìyá Ẹlẹ́ja kó mú un dání. Ó bọ́ bàtà. Mo ń pariwo pé, “Kí lo fẹ́ ṣe?” Ó fi ẹsẹ̀ lásán rin inú omi lọ, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lé tápù náà, ó dì í mú, ó kọjú sí mi. Omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ja fẹ́ pọn omi. Àwòrán fóònù ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i kedere. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá tápù náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, “Ìyá, kò sí iná lára rẹ̀ mọ́.”

Ó ní, “Mo mọ̀, Dádì. Súlè ni mò ń kí.”

Mo pa fóònù. Mo lọ sí kíṣíìnì láti gbé omi tíì kaná, nínú ilé tí iná kò tíì gbé ẹnikẹ́ni rí. Mo na ọwọ́ sí tápù, mo sì rí i pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi kàn án.